Bí A Ṣe Ń Fi Awò Awọ̀nàjíjìn Oníkọ̀ǹpútà Dènà De Sátẹ́láìtì

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹ ti gbé awò síta, ẹ ti tò ó, ẹ yan ISS, ibùdó àgbáyé tó ń yí ayé ká lókè, lórí kọ̀ǹpútà, mọ́tò kùn, awò yí, ó dúró. Ẹ fojú sí i: òkùnkùn, pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì mẹ́ta. Ẹ gbójú sókè, ẹ rí nǹkan náà tó ń tàn yòò tó ń kọjá lọ, kò sì sí nínú awò yín rárá. Ẹ sáré tẹ bọ́tìnnì, mọ́tò tún kùn, ó tún ti pẹ́ jù. Kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ISS ti wọ òjìji ayé, ó di àwátì.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé awò àwọn ni kò dára. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, díẹ̀ ló sì kù kí n ra òmíràn. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé aago kọ̀ǹpútà mi ló fi ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ́ra ju aago gidi lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 4 péré! Ṣùgbọ́n ISS ń sáré tó kìlómítà 7.66 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ga sókè ní nǹkan bí kìlómítà 420. Bó bá ń gba ọ̀gangan àtàrí yín kọjá, dígírì kan gbáko ló ń ká lójú ọ̀run ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, dígírì 4 ni awò mi fi ń ṣì í. Òṣùpá mẹ́jọ tí a tò mọ́ra wọn ló máa kún àlàfo yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí: ọdẹ kì í sáré lé irú ẹran báyìí, ńṣe ló ń dènà dè é. Ẹni tó bá mọ ibi tí sátẹ́láìtì máa gbà àti àkókò tó máa débẹ̀, tó sì ti ń dúró síbẹ̀ kó tó dé, yóò rí i. Gbogbo ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n dá lé.

Ohun tí ẹ nílò

- Awò awọ̀nàjíjìn tí mọ́tò ń yí, tó ní rìmóótù ọwọ́, tó sì ṣe é so mọ́ kọ̀ǹpútà. Apá tí mọ́tò wà nínú rẹ̀, tó gbé awò dání, ni màá máa pè ní ọrùn awò. Mọ́tò náà gbọ́dọ̀ lè sáré tó dígírì 2 ó kéré tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá tó 3 tàbí 4, ó tún dára sí i. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá máa ń sọ ọ́.
- Gíláàsì ojú, ìyẹn èyí tí à ń fi ojú sí lẹ́yìn awò, tó fi ibi tó fẹ̀ hàn, bíi 32 mm tàbí 40 mm. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń sún nǹkan mọ́ni jù. Nínú awò tí gígùn fókọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 2000 mm, gíláàsì 25 mm ń sọ nǹkan di ìlọ́po 80, ibi tó sì ń fi hàn kò ju nǹkan bíi dígírì 0.6 lọ. ISS yóò gba inú rẹ̀ kọjá kí ẹ tó ṣẹ́jú.
- Awò kékeré ẹ̀gbẹ́, èyí tó ní àmì àgbélébùú nínú. Nínú iṣẹ́ yìí, òun ló ń gbani là jù.
- Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní Windows, wáyà tó so ó mọ́ ọrùn awò, ASCOM (sọ́fútíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ọrùn awò sọ̀rọ̀) àti ẹ̀yà ASCOM tó bá ọrùn awò yín mu, pẹ̀lú SkyTrack tàbí sọ́fútíwíà míràn tó lè tẹ̀lé sátẹ́láìtì. Ìgbésẹ̀ 7 ló nílò rẹ̀ jù. Àwọn awò Meade tó ní AutoStar ní ètò sátẹ́láìtì nínú rìmóótù wọn.
- Fóònù tó ní GPS, àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wò ó.
- Bátìrì tó kún. Bí mọ́tò bá ń sáré tagbáratagbára tí iná bátìrì sì ń lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà inú ọrùn awò lè kú kó tún tan, á sì gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ ti kọ́ ọ.

Kámẹ́rà kò pọn dandan. Ẹ fi ojú rí i ná.

Ìkìlọ̀ kan ṣáájú ohun gbogbo: ẹ má ṣe lo ìtọ́sọ́nà yìí nígbà tí oòrùn bá ṣì wà lójú ọ̀run. Kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀lé sátẹ́láìtì kò mọ oòrùn yàtọ̀. Ó lè gbé awò gba iwájú oòrùn kọjá láì ronú. Ìmọ́lẹ̀ yẹn, bó bá gba inú awò wọlé, á fọ́ ojú ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kò sì ní ṣe é tún ṣe. Ẹ dúró títí oòrùn yóò fi wọ̀ pátápátá. Láàárọ̀, ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ kí ó tó yọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ìkọjá tó ṣe é mú

Sátẹ́láìtì kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tàn lára rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kété lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú àti kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a sábà máa ń rí èyí tó ń rìn nísàlẹ̀ bíi ISS: ọ̀dọ̀ wa ti ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n òun tó wà lókè ṣì ń rí oòrùn.

Ẹ lọ sí ìkànnì Heavens-Above, ẹ fi ibi tí ẹ wà hàn án, ẹ ṣí ojú ewé ISS. Á tò ó fún yín lọ́jọ́ lọ́jọ́: ìgbà tó máa yọ, ìgbà tó máa ga jù, ìgbà tó máa parẹ́, àti bó ṣe máa tàn tó. Ní ti ìmọ́lẹ̀, nọ́ńbà tó kéré ló tàn jù: ìkọjá tí wọ́n kọ -3 sí tàn gan-an ju èyí tí wọ́n kọ 1 sí.

Ibí yìí ni ojúkòkòrò ti ń bá ọ̀pọ̀ jẹ́. Wọ́n á rí ìkọjá tó máa gba ọ̀gangan àtàrí, tó ga tó dígírì 85, wọ́n á ní èyí gan-an ni. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ló ti súnmọ́ wa jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mọ́tò máa rí. Ọrùn awò tó ń yí sọ́tùn-ún sósì tó sì ń gbé sókè sódò gbọ́dọ̀ yí gbirigbiri bí nǹkan bá kọjá nítòsí àtàrí. Bí ISS bá ga tó dígírì 45, mọ́tò á máa yí ẹ̀gbẹ́ ní nǹkan bíi dígírì 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní dígírì 60, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2. Ní dígírì 80, ó di nǹkan bí 6, ọ̀pọ̀ mọ́tò kò sì lè sá irú eré bẹ́ẹ̀. Awò á dúró lẹ́yìn, sátẹ́láìtì á lọ.

Nítorí náà, ẹ yan ìkọjá tí ibi tó ga jù níbẹ̀ wà láàárín dígírì 40 sí 65. Ẹni tí ọrùn awò rẹ̀ jẹ́ irú tó dagun sí ìhà òpó ayé, tó máa ń yí ẹ̀yìn padà bí nǹkan bá ti ìlà oòrùn bọ́ sí ìwọ̀ oòrùn, kí ó wá ìkọjá tí apá tó dára jù nínú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Bí ọwọ́ yín kò bá tíì mọ́ ọn, ẹ má fi ISS bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbá rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ pọ̀ lókè, ní kìlómítà 800 sí 1000, ojú lásán sì ń rí àwọn kan nínú wọn. Ìdajì eré ISS ni wọ́n ń sá lójú wa. Ẹ̀kọ́ tó dára ni wọ́n jẹ́ fún ọwọ́.

Ibi tí ẹ ń gbé náà ń pinnu ohun tí ẹ máa rí. ISS kì í kọjá dígírì 51.6 ní àríwá tàbí gúúsù. Ti Tiangong, ibùdó àwọn ará Ṣáínà, jẹ́ 41.5. Ti Hubble, awò awọ̀nàjíjìn tó ń yí ayé ká lókè, jẹ́ 28.5, nítorí náà ẹni tó bá jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé jù lè má rí i láé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé ẹ ti kọ àkókò mẹ́ta sílẹ̀, ti ìyọjú, ti gíga jù, ti ìparẹ́? Ẹ jáde lọ́sàn-án, ẹ dúró síbi tí ẹ máa gbé awò sí, ẹ nawọ́ sí ibi tó máa gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí igi tàbí òrùlé bá bo ìdajì rẹ̀, ẹ wá ibòmíràn tàbí ìkọjá míràn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ibi tí ẹ wà àti aago

Bí ẹ bá máa fò nǹkan kan nínú gbogbo èyí, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ èyí.

Ẹ jẹ́ ká fi ibi tí ẹ wà bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú látítúùdù àti lọ́ńgítúùdù láti inú GPS fóònù yín. Ẹ má kàn yan orúkọ ìlú tó súnmọ́ yín lórí rìmóótù. Bí ISS bá wà lókè orí, àṣìṣe kìlómítà 1 nípa ibi tí ẹ dúró sí ń sún un kúrò ní nǹkan bíi dígírì 0.14. Àṣìṣe kìlómítà 10 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì 1.4, èyí tó ju ìlọ́po méjì ibi tí gíláàsì 25 mm yẹn ń fi hàn. Bí a bá ń wo ìràwọ̀, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò hàn rárá torí pé ìràwọ̀ jìnnà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti ń wo ìràwọ̀ fún ọdún pípẹ́ fi máa ń ṣubú síbí: ètò tó tọ́ fún ìràwọ̀ lè má tọ́ fún sátẹ́láìtì.

Ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀lé lọ́ńgítúùdù náà. Ọ̀pọ̀ rìmóótù ló jẹ́ pé W, ìyẹn ìwọ̀ oòrùn, ló wà níbẹ̀ látilẹ̀. Ẹni tó wà ní ìhà ìlà oòrùn tí kò bá yí i sí E ti gbé ara rẹ̀ lọ sí ibòmíràn pátápátá.

Ó wá kan aago. Aago kọ̀ǹpútà máa ń yà díẹ̀díẹ̀, pàápàá èyí tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí ètò aago, ẹ ní kó bá aago àgbáyé mu lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ìkànnì time.is: á sọ fún yín iye tí aago yín fi yà. Ohun tí a ń wá ni kó má yà ju ìdá mẹ́wàá méjì ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn 0.2.

Ní ti rìmóótù ọwọ́, ẹ ti tẹ wákàtí àti ìṣẹ́jú wọlé ná, kí ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú aago fóònù díẹ̀, kí ẹ wá dúró de aago náà. Bó bá ti kàn án, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìfọwọ́sí. Èyí tó ní GPS tirẹ̀ kò nílò wàhálà yìí.

Ibi mẹ́ta tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í: 

Àkọ́kọ́, ọjọ́. Àwọn rìmóótù Celestron máa ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ọjọ́ 5 oṣù 8, tó wá tẹ 05/08, ti tẹ ọjọ́ 8 oṣù 5.

Èkejì, wákàtí tí wọ́n máa ń sún síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láwọn orílẹ̀-èdè kan. Bí ibi tí ẹ wà kò bá ń ṣe é, ẹ rí i pé rìmóótù mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, UTC, ìyẹn aago àgbáyé. Sọ́fútíwíà kan lè máa fi UTC hàn nígbà tí òmíràn ń fi aago ìlú yín hàn. Àwọn méjèèjì tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ọ̀kan bíi èkejì máa jáde síta ní wákàtí tí nǹkan kan kò kọjá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi fóònù tó ṣí time.is sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ wo bí ìṣẹ́jú àáyá ṣe ń yí lórí àwọn méjèèjì. Kí wọ́n jọ yí pọ̀, bí ìṣísẹ̀ ẹni méjì tó ń jó sí ìlù kan náà. Bí ojú yín bá rí i pé ọ̀kan ṣáájú, ó ti yà jù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gba TLE tuntun

Ìlà méjì ọ̀rọ̀ ni TLE, ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì 69. Inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí sọ́fútíwíà nílò láti mọ ibi tí sátẹ́láìtì wà wà. Ẹ gbà á lórí ìkànnì CelesTrak lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wò ó gan-an. Nọ́ńbà ISS ni 25544, ti Hubble ni 20580, ti Tianhe, olórí apá Tiangong, ni 48274.

TLE máa ń bà bí oúnjẹ. Atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣì wà lókè ń fa ISS sẹ́yìn, wọ́n sì máa ń fi ẹ́ńjìnnì tì í sókè padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. TLE tí wọ́n ṣe ṣáájú ìtì náà kò mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Nínú ìlà kìíní, ẹ wá nọ́ńbà kan tó jọ 25180.50000000. Méjì àkọ́kọ́ ni ọdún, 2025. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ inú ọdún náà: ọjọ́ 180, tí í ṣe ọjọ́ 29 oṣù 6. Ohun tó wà lẹ́yìn ààmì kíún ni ìdá ọjọ́ náà; .5 jẹ́ agogo 12 ọ̀sán ní UTC. Ìyẹn ni ìgbà tí wọ́n wọn sátẹ́láìtì náà. Bó bá ti ju ọjọ́ méjì lọ fún ISS, ẹ wá òmíràn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 25544, kí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e jẹ́ 51.6 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí èyí tó wà nípẹ̀kun ìlà náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15. Iye ìgbà tó ń yí ayé ká lóòjọ́ ni 15 yẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gbé awò kalẹ̀, kí ó dúró ṣinṣin

Ẹ jáde ní wákàtí kan ṣáájú. Ilẹ̀ líle ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé, kí ẹ sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì tò ó dọ́gba.

Ẹ kọ́kọ́ mú awò kékeré ẹ̀gbẹ́ àti awò ńlá bára mu. Ẹ wá nǹkan tó jìnnà kí ilẹ̀ tó ṣú, bíi orí òpó gíga, tàbí ẹ dúró de òṣùpá. Ẹ gbé e sí àárín awò ńlá, kí ẹ sì yí ìdè awò kékeré títí àgbélébùú á fi wà lórí ibi kan náà gẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe ní “ó súnmọ́ ọn, ó tó bẹ́ẹ̀.” Fún ìràwọ̀, ó lè tó. Fún ISS tí ẹ máa fi awò kékeré lé wá sínú awò ńlá, kò tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìràwọ̀ méjì kọ́ ọrùn awò, kó lè mọ ibi tó dojú kọ. Ẹ yan èyí tó jìnnà síra wọn, tí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní apá ibi tí sátẹ́láìtì máa gbà. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì fún ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ gíláàsì ojú sí èyí tó ń sún nǹkan mọ́ni, kí ìràwọ̀ náà lè wà láàárín gangan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí á fi gíláàsì 40 mm ṣe é, kí ojú máa rò pé àárín ni ìràwọ̀ wà nígbà tó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní báyìí, fókọ́ọ̀sì. Ẹ tò ó lórí ìràwọ̀ títí tó fi kéré jù tó sì mú jù, pẹ̀lú gíláàsì tí ẹ máa lò fún sátẹ́láìtì gan-an. Ẹ má tún fọwọ́ kàn án mọ́. Kò sí ẹni tó lè wá fókọ́ọ̀sì lórí nǹkan tó ń sáré báyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ní kí awò lọ bá ìràwọ̀ kẹta tí ẹ kò lò. Bó bá bọ́ sínú gíláàsì láì jẹ́ pé ẹ wá a, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Àyè ṣì wà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi jáde ní wákàtí kan ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi sátẹ́láìtì tí kì í rìn dán ara yín wò

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fò èyí, ó sì máa ń dùn mí, torí pé ó wà lára ohun tó dára jù tí awò kékeré lè fi hàn yín.

Àwọn sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n wà ní kìlómítà 35,786 lókè ìlà agbedeméjì ayé. Wọ́n ń yí ká pẹ̀lú ayé ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà ojú kan ni wọ́n ń dúró sí lójú ọ̀run. Wọn kì í tàn púpọ̀. Awò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 200 mm àti ojú ọ̀run tó ṣókùnkùn ló lè jẹ́ kí ẹ fi ojú rí àwọn tó tàn nínú wọn.

Ẹ ṣí Stellarium, sọ́fútíwíà tó ń fi àwòrán ojú ọ̀run hàn, ẹ tan apá sátẹ́láìtì rẹ̀, ẹ yan ọ̀kan, ẹ ka gíga àti ìhà tó wà, ẹ gbé awò lọ síbẹ̀. Ní báyìí, ẹ pa ètò tó ń jẹ́ kí awò máa tẹ̀lé ìràwọ̀. Ẹ fojú sí i, ẹ mú sùúrù. Àwọn ìràwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lẹ́sẹẹsẹ. Nínú gíláàsì 25 mm yẹn, ìràwọ̀ kan máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Láàárín gbogbo wọn tó ń lọ, ẹ máa rí ààmì kékeré kan tí kò mira. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo gbé ojú kúrò, mo tún fi padà, mo ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ṣì wà níbẹ̀, àwọn ìràwọ̀ tuntun ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bó bá wà nínú gíláàsì níbi tí sọ́fútíwíà sọ, a jẹ́ pé ibi, ètò àti ìkọ́ni ọrùn awò yín tọ́. Aago nìkan ni èyí kò dán wò púpọ̀, torí pé nǹkan tí kò rìn kì í fi àṣìṣe aago hàn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dènà dè é

Ó ti wá kan iṣẹ́ gan-an. Ẹ má tíì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tẹ̀lé e. Ẹ fi ọwọ́ mú un lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ná.

1. Lórí àwòrán ojú ọ̀run ní Heavens-Above, ẹ wá ìràwọ̀ tó tàn tí ipa ọ̀nà sátẹ́láìtì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kó wà ṣáájú ibi tó ga jù, nígbà tí eré rẹ̀ kò tíì le. Ní gíga dígírì 30, ISS jìnnà sí yín tó nǹkan bíi kìlómítà 770, ó sì rọrùn láti bá rìn ju ìgbà tó bá wà lókè orí lọ.
2. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú, ẹ gbé awò lọ sí ìràwọ̀ náà, kí ẹ sún un díẹ̀ títí àárín gíláàsì á fi bọ́ sórí ipa ọ̀nà náà gan-an.
3. Ẹ yí eré mọ́tò sí èyí tó ga jù lórí rìmóótù. Lórí Celestron, 9 ni. Ẹ fi àtàǹpàkò sórí bọ́tìnnì méjì tí ẹ máa nílò, èyí tó ń yí ẹ̀gbẹ́ àti èyí tó ń gbé sókè, kí ẹ ti mọ ibi tí wọ́n wà nínú òkùnkùn.
4. Nígbà tó bá yọ, ẹ fi ojú lásán tẹ̀lé e ná. Bó bá súnmọ́ ìràwọ̀ yín, ẹ bọ́ sí awò kékeré.
5. Bó bá ti ń wọ inú awò kékeré, ẹ tẹ bọ́tìnnì kó tó dé àgbélébùú. Mọ́tò kì í gbéra wàrà: ó ń gba àkókò díẹ̀ kí eré rẹ̀ tó pé. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó dé àárín ti pẹ́.
6. Bó bá dúró nítòsí àgbélébùú, ẹ yí ojú sí awò ńlá. Ẹ máa tẹ, ẹ máa fi sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Bó bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe lé e. Ẹ gbé awò fo iwájú rẹ̀, lọ sí ibòmíràn lórí ipa ọ̀nà kan náà, kí ẹ dúró. Ìkọjá kan tó gba ìṣẹ́jú 5 ń fún yín láyè láti dènà lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn kan máa ń tú ìdè ọrùn awò kí wọ́n lè fi ọwọ́ tì í. Bí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ pé ó ṣe é tì, ó dára púpọ̀, ọwọ́ yá ju mọ́tò lọ. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má dán an wò. Eyín jíà inú rẹ̀ lè fọ́.

Ohun kan tún wà tó ń dẹ́rù bani: nígbà alẹ́, ISS lè ṣàdédé pọ́n díẹ̀, kó ṣókùnkùn, kó sì parẹ́ láàárín ọ̀run. Kì í ṣe pé ẹ sọ ọ́ nù. Ó wọ òjìji ayé ni. Àkókò ìparẹ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 1 á jẹ́rìí sí i.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ẹ bá rí i fún ìṣẹ́jú àáyá 3 ní ìtẹ̀léra nínú awò ńlá, tí kì í ṣe ààmì kan mọ́ bí kò ṣe nǹkan tó ní ìrísí, àárín tó funfun àti pátákó oòrùn tó pọ́n bíi wúrà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ ti mú un. Bó bá gba ọ̀gangan àtàrí, ó ń fẹ̀ lójú awò tó Júpítà.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tẹ̀lé e

Ẹ so wáyà, ẹ ṣí SkyTrack, ẹ yan ọrùn awò yín láti inú ASCOM. Ẹ tẹ ibi tí ẹ wà sínú rẹ̀, ẹ fún un ní TLE tòní, ẹ yan sátẹ́láìtì.

Kì í ṣe gbogbo ọrùn awò ló lè ṣe èyí. ASCOM ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ MoveAxis, òun ló ń sọ fún mọ́tò pé “máa yí ní eré báyìí.” Ẹ̀yà ASCOM tí kò ní àṣẹ yìí lè sọ kìkì “lọ síbí,” awò á sì máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́: fò, dúró, fò, dúró. Bí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀yà tuntun lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe ọrùn awò náà.

Ẹ ní kó lọ dúró síbi tí sátẹ́láìtì á ti yọ sókè igi, bíi dígírì 20. Ẹ yẹ wáyà wò: ṣé ó gùn tó bí awò bá yí ìdajì òbírí, àbí ó máa lọ́ mọ́ ẹsẹ̀? Mo ti rí wáyà tó fa kọ̀ǹpútà bọ́ sílẹ̀ láti orí tábìlì láàárín ìkọjá.

Bí àkókò bá tó, awò á gbéra fúnra rẹ̀. Ẹ wo inú awò kékeré, kì í ṣe awò ńlá. Bí sátẹ́láìtì bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí láàárín, ẹ wo ibi tó wà sí ipa ọ̀nà rẹ̀. Bó bá ń rìn níwájú tàbí lẹ́yìn àgbélébùú lórí ìlà kan náà, aago tàbí TLE ló fà á: sátẹ́láìtì kì í sábà yà kúrò lójú ọ̀nà, ó kàn lè tètè dé tàbí kó pẹ́. Irú sọ́fútíwíà yìí máa ń ní ibi tí a ti lè sún àkókò síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ sún un ní ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan kan títí yóò fi bọ́ sáàárín. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, ìgbésẹ̀ 4 ni kí ẹ padà sí lọ́jọ́ mìíràn. Fún òní, ẹ fi bọ́tìnnì tún un ṣe.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí gbogbo bọ́tìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Kí ó ṣì wà nínú awò ńlá.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí ẹ bá fẹ́ ya á

Ẹ má kan kámẹ́rà títí ìgbésẹ̀ 7 á fi yọrí fún yín. Ojú kámẹ́rà kéré ju ojú gíláàsì lọ.

Fídíò ni kí ẹ yà, kì í ṣe fọ́tò kan. Sọ́fútíwíà SharpCap tàbí FireCapture lè ṣe é. Ẹ fi àkókò ìmọ́lẹ̀, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó láti gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 1 ms, tàbí kó kéré sí i. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fi í sí 10 ms kí àwòrán lè mọ́lẹ̀, ohun tí wọ́n á rí ni ìlà funfun tó fà gbọ̀ọ̀rọ̀. ISS tàn púpọ̀. Bí pátákó rẹ̀ bá funfun láìsí ìlà kankan lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìyà náà kó tó wọlé, kí ẹ sì dá a dúró lẹ́yìn tó bá ti jáde.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi sọ́fútíwíà AutoStakkert kó àwọn àwòrán inú fídíò náà pọ̀ di ọ̀kan, ẹ yan ìwọ̀nba tó tẹ̀ léra wọn pẹ́kípẹ́kí. ISS ń yí ẹ̀gbẹ́ sí wa bó ṣe ń kọjá, nítorí náà àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kan náà. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, pátákó á di mẹ́jọ, á di mẹ́wàá, tí kò sí èyí tó mọ́ nínú wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ṣí àwòrán kan ṣoṣo tó mú jù nínú fídíò náà, kí ẹ tó kó ohunkóhun pọ̀. Bí ẹ bá lè ka pátákó oòrùn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan nínú àwòrán yẹn, fókọ́ọ̀sì àti àkókò ìmọ́lẹ̀ yín tọ́. Bó bá dà bí ẹyin tó ṣú bàìbàì ní gbogbo àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fókọ́ọ̀sì ló yà. Bó bá mú ní àwọn kan tó sì ṣú ní àwọn mìíràn, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run ló ń mì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ètò yín kò ní àléébù, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún ìkọjá tó ń bọ̀.